Òfin ibi iṣẹ́ tó ń yí láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà: báwo ni agbanisíṣẹ́ kékeré ṣe ń bá a rìn?

HomeCare_Laurel

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa tá a gba èèyàn síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, yálà home care (ìtọ́jú àwọn èèyàn nílé wọn) ni, búkà, ṣọ́ọ̀bù irun dídì tàbí ilé ìtajà oúnjẹ wa, ohun kan náà ló ń da gbogbo wa láàmú. Láti ọdún 2020 ni òfin ti ń jáde lórí kòrónà, lórí ìsinmi àìsàn, lórí ooru, lórí ìwà ipá níbi iṣẹ́. Kí inki ọ̀kan tó gbẹ, òmíràn ti dé. Ìpínlẹ̀ kan á ní kẹ́ ẹ ṣe é, èkejì á ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́: ibo la ti ń gbọ́ kó tó pẹ́ jù, báwo la ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ibo lèèyàn sì ti ń ṣubú? Ìgbésẹ̀, déètì àti iye la fẹ́, kì í ṣe ìtàn.

Aláàbò_Ibi_Iṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí àṣẹ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn á máa ka ìròyìn ìpínlẹ̀ tí kò kàn án, á sì máa fo èyí tó kàn án.

Òfin ọdún 1970 ló dá OSHA ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́. Òfin yẹn gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá tirẹ̀ sílẹ̀, tó bá ti lè dáàbò bo òṣìṣẹ́ bíi ti ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ 21 pẹ̀lú Puerto Rico ló ní èyí tó kan iléeṣẹ́ aládàáni. California ní Cal/OSHA, Maryland ní MOSH, Virginia ní VOSH. Texas, Georgia àti Florida kò ní, OSHA ìjọba àpapọ̀ ló ń wá síbẹ̀. Ní New York, New Jersey àti Illinois, òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ètò tìpínlẹ̀ kàn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gbọ́ rèé: pé OSHA ìpínlẹ̀ kò kàn ọ́ kò sọ pé ìpínlẹ̀ ò lè bá ọ sọ̀rọ̀. New York kò gba ọ̀nà OSHA rárá nígbà tó gbé HERO Act jáde. Inú òfin òṣìṣẹ́ ló gbà. Gómìnà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó sì di dandan kí agbanisíṣẹ́ aládàáni ní ètò tí a kọ sílẹ̀ lórí àrùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, kọmíṣánnà ètò ìlera kéde kòrónà lábẹ́ òfin náà, gbogbo ètò yẹn wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkéde náà parí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ wá ju ètò náà nù, wọ́n ní òfin ti kú. Òfin kò kú o, ìkéde ló parí. Ètò yẹn gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú handbook (ìwé ìlànà iṣẹ́ yín), kí ẹ fún òṣìṣẹ́ tuntun lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti lè kà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún kéde àrùn mìíràn, ètò tó wà nílẹ̀ náà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò.

Nípa ìjọba àpapọ̀: tí OSHA àpapọ̀ bá gbé ìlànà tuntun jáde, ìpínlẹ̀ tó ní tirẹ̀ ní oṣù 6 láti ṣe irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlànà pàjáwìrì, ọjọ́ 30 ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Maryland, tẹ́ ẹ bá rí ìròyìn lórí OSHA, ẹ wo déètì MOSH lọ́tọ̀.

Olùtọ́jú_Fáìlì

Aláàbò ti ṣí ọ̀nà. Èyí tó kàn ni ìwé òfin tiyín, tábìlì kan lásán nínú Excel. Ìlà kan fún òfin kan, ìlú kan. Àwọn òpó tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀:

Orúkọ òfin àti nọ́ńbà rẹ̀. Àjọ tó ń mójú tó o. Ìlú tàbí káńtì (ẹkùn inú ìpínlẹ̀) tó kàn. Iye òṣìṣẹ́ tó fi ń kan èèyàn. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó máa parí. Àjọ mìíràn tí òfin náà tọ́ka sí. Ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wa: handbook, pay stub (ìwé ìṣirò owó iṣẹ́), póstà (ìkéde tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri), ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń mójú tó o nínú wa. Ọjọ́ tá a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni PDF òfin náà gan-an, tí ẹ fi déètì ọjọ́ tí ẹ gbà á sórí orúkọ fáìlì.

Òpó méjì nínú ìyẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń jò.

Èkíní ni ọjọ́ tó máa parí. Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ nígbà tí òfin bá dé, ariwo á pọ̀. Nígbà tó bá ń lọ, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ẹ wo òfin kòrónà Cal/OSHA. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2022, àti ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Òfin pàjáwìrì kan nìyẹn, ẹ̀dà mẹ́rin. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2023, èyí tí kì í ṣe ti pàjáwìrì rọ́pò rẹ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó jókòó sílé torí kòrónà ibi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ti 2023, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ti 2023 yìí náà parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2025, àfi apá tó sọ̀rọ̀ nípa àkọsílẹ̀ àwọn tó kó àrùn, tó tún lo ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2026. Ẹ rí i pé apá kan òfin lè parí kí apá kejì ṣì wà. Nítorí náà, tí òfin bá ní ọjọ́ ìparí méjì, ẹ fún un ní ìlà méjì.

Ẹ má sì rò pé ibi tí òfin kòrónà parí sí, ibẹ̀ ni ojúṣe parí sí. Section 3203 ní California, tó ní kí agbanisíṣẹ́ ní ètò tí a kọ sílẹ̀ lórí dídènà ìfarapa àti àìsàn, kò lọ síbì kankan. Tí kòrónà bá jẹ́ ewu ní ibi iṣẹ́ yín, ó ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò yẹn.

Èkejì ni àjọ tí òfin tọ́ka sí. Òfin lè dúró bó ṣe wà, kí ohun tó ń béèrè yí padà lóru kan, torí ó ní "ẹ ṣe bí àjọ ìlera bá ṣe wí". Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2024, àjọ ìlera California pa iye ọjọ́ ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ní kòrónà lè padà síṣẹ́ tí ibà bá ti kúrò lára rẹ̀ fún wákàtí 24 láìlo oògùn ibà, tí àìsàn náà sì ti ń fúyẹ́, kó kàn máa lo ìbòmú títí ọjọ́ 10 á fi pé. Ìlà kan ò yí nínú ìwé Cal/OSHA, síbẹ̀ handbook gbogbo èèyàn ti di ti àtijọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ Cal/OSHA nìkan kò ní mọ̀.

Àti pé ẹ má pa ẹ̀dà òfin àtijọ́ rẹ́. Òfin tó wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa fi dá yín lẹ́jọ́. Òṣìṣẹ́ ní California ní ọdún 3 láti béèrè owó tí wọn ò san fún un, ó sì lè di 4 tó bá gba ọ̀nà òfin ìdíje tí kò tọ́. Lábẹ́ òfin owó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 2 ni, tàbí 3 tó bá jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.

Payroll_Àkókò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti owó, ibẹ̀ ni òfin tó nawọ́ sẹ́yìn, ìyẹn èyí tó kan ọjọ́ tó ti kọjá, ti ń ṣe èèyàn léṣe.

California, kòrónà, agbanisíṣẹ́ tó ní ju òṣìṣẹ́ 25 lọ. Gómìnà buwọ́ lu òfin SB 95 ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2021, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, ṣùgbọ́n ó nawọ́ dé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní. Wákàtí 80 ìsinmi kòrónà tí a ń sanwó fún ni, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíkún. Ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Oṣù mẹ́ta ìparí ọdún 2021 wà láìsí nǹkan kan nílẹ̀. Ní 2022, SB 114 dé ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, òun náà nawọ́ dé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, wọ́n sì fà á gùn títí di ìparí ọdún. Èyí pín 80 sí méjì: 40 fún àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀, 40 yòókù tó bá jẹ́ pé àyẹ̀wò fi hàn pé òṣìṣẹ́ náà tàbí ẹbí tó ń tọ́jú ní kòrónà.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀: ẹni tó lo ọjọ́ ìsinmi lásán, tàbí tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún, ní oṣù Kìíní, ní ẹ̀tọ́ láti padà béèrè. Lẹ́nu lásán ló lè béèrè rẹ̀, kò dìgbà tó bá kọ lẹ́tà. Ọjọ́ owó iṣẹ́ tó tẹ̀ lé sáà tó kàn lẹ́yìn tó béèrè ni kí owó náà wọlé. Pay stub náà ní tirẹ̀: ní 2021, iye wákàtí tó kù ni kó hàn, ní 2022, iye tí wọ́n ti lò ni, kódà kí wọ́n kọ òdo tí wọn ò bá tíì lò ó. Kò sí ẹni tó máa fọkàn mọ ìyàtọ̀ yẹn láìka òfin tuntun náà láti òkè dé ilẹ̀.

Nítorí náà, tí òfin tó nawọ́ sẹ́yìn bá dé: (1) ẹ tẹ gbogbo timesheet (ìwé wákàtí iṣẹ́) láti ọjọ́ tó nawọ́ dé jáde, (2) ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ, láìka ìdí tí wọ́n kọ sí, (3) ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ̀tọ́ wà, (4) ẹ dá ìlà owó tuntun sílẹ̀ nínú payroll (ètò ìsanwó iṣẹ́), ẹ má pò ó mọ́ ìsinmi àìsàn lásán, (5) ẹ kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè sílẹ̀.

Ti kòrónà lọ, ìsinmi àìsàn gbogbogbòò dúró. California ti gbé e sí wákàtí 40 tàbí ọjọ́ 5 láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀kan nínú wákàtí 30, ìyẹn wákàtí ìsinmi kan fún wákàtí 30 tí òṣìṣẹ́ bá ṣe. Illinois ní wákàtí 40 fún ìdí yòówù, ọ̀kan nínú wákàtí 40. Ṣùgbọ́n Chicago ní tirẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024: 40 fún àìsàn, 40 mìíràn fún ìdí yòówù, ọ̀kan nínú wákàtí 35. New York fi òpin sí ìsinmi kòrónà ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó lé. Tó bá ṣì wà nínú handbook yín, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi wákàtí 20 fún àyẹ̀wò aboyún síbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PG

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Payroll. Ìbéèrè kan: iléeṣẹ́ payroll tí a ń sanwó fún, ṣé kì í ṣe àwọn ló yẹ kó mọ gbogbo èyí? Maryland la wà.

Payroll_Àkókò

Rárá o, àbúrò. Wọ́n mọ iye tí òfin sọ, wọn ò mọ ibi tí òṣìṣẹ́ yín dúró sí lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ ka ìwé àdéhùn wọn, ẹ máa rí i pé ọrùn yín ni ojúṣe wà.

Maryland dára fún àpẹẹrẹ. Òfin ìpínlẹ̀: ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa sanwó ìsinmi àìsàn, ọ̀kan nínú wákàtí 30, títí dé 40 lọ́dún. Tí wọn ò bá tó 15, ẹ fún wọn ní ìsinmi náà láìsanwó. Bí a ṣe ń ka 15 yẹn ni àwọn home care ti ń ṣì í: iye òṣìṣẹ́ lóṣooṣù ní ọdún tó kọjá ni ẹ máa fi wá àròpín, oníṣẹ́ àbọ̀ àti ti ìgbà díẹ̀ sì ń jẹ́ ẹyọ kan kan. Aláàbọ̀ iṣẹ́ kì í ṣe àbọ̀ èèyàn.

Tí ẹ bá wá kọjá sí Montgomery County, tiwọn yàtọ̀: ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san títí dé wákàtí 56. Owó iṣẹ́ tó kéré jù wọn náà ń yí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje lọ́dọọdún, nígbà tí ti ìpínlẹ̀ wà ní $15 láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024. Howard County náà ní tirẹ̀. Oníbàárà kan ní Silver Spring, èkejì ní Hyattsville, olùtọ́jú kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: káńtì méjì, iye owó méjì, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ibi tí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ dúró sí ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì yín wà.

Ojútùú rẹ̀ ni kóòdù ibi iṣẹ́ nínú timesheet. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, káńtì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ má sì lè pa timesheet dé láìyan án. Ẹ ṣọ́ àdírẹ́sì o: Silver Spring, Takoma Park, Laurel, orúkọ ìlú lórí ẹnfẹlóòpù kò sọ káńtì. Orí máàpù káńtì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún fi FAMLI sínú tábìlì yín, ìsinmi ẹbí àti àìsàn tí Maryland fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ ní owó rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú owó iṣẹ́. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n tún sún un sí oṣù Keje 2025, òfin ọdún 2025 sì gbé e dé ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027, kí àǹfààní rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2028. Ẹni tó bá yọ owó lára òṣìṣẹ́ ní déètì àtijọ́ ti yọ owó tí òfin ò fún un. Ìdí nìyí tí òpó "ọjọ́ tá a yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn" fi gbọ́dọ̀ wà: déètì tó wà lórí ìwé ọdún tó kọjá kì í ṣe ẹ̀rí.

OníBúkà_Houston

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Texas wá, torí níbí òfin lè dá yín lẹ́bi nítorí pé ẹ ṣe jù.

Láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2024, SB 7 ti sọ pé agbanisíṣẹ́ aládàáni ò gbọdọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ tàbí kọ́ńtírákítọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, kò sì gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tí kò gbà á. Texas Workforce Commission ló ń gba ẹ̀sùn. Owó ìtanràn jẹ́ $50,000 fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àfi tí agbanisíṣẹ́ bá gba ẹni náà padà, tó san owó tó pàdánù, tó sì tún nǹkan ṣe. Ilé ìtọ́jú aláìsàn lè ní kí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ lo ohun ìdáàbòbò tó bá mọ́gbọ́n wá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ní ẹ̀ka ní New York tàbí California, kó wá da handbook ibẹ̀ kọ fún Houston. Ìlú New York fi abẹ́rẹ́ ṣe dandan fún aládàáni láti ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2021 títí di ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Gbólóhùn ìgbà yẹn tó bá ṣì wà nínú handbook tí ẹ fún òṣìṣẹ́ Houston lónìí, ìwé tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ni ẹ̀rí lòdì sí yín. Handbook kan fún gbogbo ẹ̀ka, pẹ̀lú àfikún lọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ ṣe. Nínú èyí tó kárí, ẹ má kọ nǹkan tó ń yí: iye ọjọ́, iye wákàtí, abẹ́rẹ́, ìbòmú. Gbogbo ìyẹn wà nínú àfikún, kí déètì sì wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Aláàbò_Ibi_Iṣẹ́

Òótọ́ ni. Ẹ tún rántí bí ilé ẹjọ́ ṣe ń dá sí i. OSHA àpapọ̀ gbé òfin abẹ́rẹ́-tàbí-àyẹ̀wò jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 fún ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a dúró ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, OSHA fà á padà ní ọjọ́ 26. Lọ́jọ́ 13 yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ yẹn jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dandan ti CMS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicare àti Medicaid, máa lọ fún ilé ìtọ́jú tó ń gba owó Medicare àti Medicaid, èyí tó dúró títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ìdájọ́ méjì, ọjọ́ kan, èsì méjì. Tí òfin bá wà níwájú adájọ́, ẹ múra sílẹ̀: ẹ kọ ètò, ẹ ka iye òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lé ẹnikẹ́ni dà nù nítorí rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Nọ́ọ̀sì_Baltimore

Mo kí gbogbo yín. Apá tí home care àti group home máa ń gbàgbé ni ìwé ìlera.

Káàdì abẹ́rẹ́, èsì àyẹ̀wò, ìwé dókítà: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni òfin àwọn tó ní àléébù ara ní kó wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, kí alábòójútó iṣẹ́ má lè ṣí i bó ṣe wù ú. Ìwé ìlera tó jẹ mọ́ ewu ibi iṣẹ́ lábẹ́ OSHA, iye ìgbà tí ẹni náà fi bá yín ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọdún 30 ni ẹ máa fi tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ̀n ọdún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti iléeṣẹ́ pa, ẹ bi lọ́yà léèrè ẹni tí ẹ máa fi lé lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò kòrónà dandan fún gbogbo òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè máa ṣe bó ṣe wù yín mọ́. Láti ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2022, EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ojúsàájú níbi iṣẹ́, ní kí agbanisíṣẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ náà gan-an ló béèrè fún un.

N95, ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́: tẹ́ ẹ bá ní dandan kí wọ́n lò ó, ẹ ti wọ abẹ́ òfin OSHA 1910.134. Fọ́ọ̀mù ìlera kọ́kọ́ wá, kí ẹni tó kúnjú ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà fit test (àyẹ̀wò bóyá ó dì mọ́ ojú) kí ó tó lò ó rárá, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó dì mọ́ ojú. Tẹ́ ẹ bá yí orúkọ N95 padà torí èyí tẹ́lẹ̀ wọ́n, fit test tuntun ni.

Lábẹ́ OSHA àpapọ̀, ìròyìn ikú tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́: wákàtí 8. Ẹni tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn nítorí iṣẹ́: wákàtí 24. Èyí kan gbogbo èèyàn, kódà ẹni tó ní òṣìṣẹ́ méjì. Ìwé àkọsílẹ̀ ìfarapa àti àìsàn ibi iṣẹ́, Form 300, ni ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ọ́, ẹ lẹ 300A, àkópọ̀ rẹ̀ fún ọdún, mọ́ ògiri láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin.

HomeCare_Laurel

Èyí ti kún ọwọ́ gan-an. Ibo wá ni ìròyìn náà ti ń wá? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé WhatsApp nìkan kọ́.

Olùtọ́jú_Fáìlì

Ímeèlì àjọ fúnra rẹ̀ ni. Lórí wẹ́bùsáìtì ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ti ìlera àti OSHA ìpínlẹ̀ yín, ibì kan wà tí wọ́n ti ń gba orúkọ fún ìròyìn. Ẹ dá àdírẹ́sì ímeèlì kan sílẹ̀ fún iléeṣẹ́, tí èèyàn méjì ń kà, kó má bàa jẹ́ pé ẹni tó forúkọ sílẹ̀ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìròyìn á sì bá a lọ.

Ẹ mọ àsìkò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ìròyìn ń wá bí òjò, ó ní ìgbà tirẹ̀. Ilé aṣòfin Maryland ń jókòó ọjọ́ 90 láti oṣù Kìíní, òfin wọn sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje tàbí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Ní California, gómìnà ń buwọ́ lùwé títí di oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ti pàjáwìrì ló ń já lu èèyàn láàárín ọdún, bíi SB 95. Texas ń jókòó ní ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣe é pín sí méjì, ọjọ́ 140, ọ̀pọ̀ òfin ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. New York ló le jù: gómìnà ń buwọ́ lùwé títí ọdún fi ń parí, òfin sì lè ní òun máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 60, 90 tàbí 180 lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Ẹ ka ọjọ́ náà fúnra yín, ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Fún ìpínlẹ̀ yòówù, ẹ jókòó ti tábìlì yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi oṣù Kẹfà àti Kejìlá ṣe èyí tó gùn.

Lẹ́tà póstà: àwọn oníṣòwò kan ń fi lẹ́tà tó jọ ti ìjọba ránṣẹ́, pé ẹ máa sanwó ìtanràn tí ẹ ò bá ra póstà wọn. Ọ̀fẹ́ ni póstà OSHA àti ti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lórí wẹ́bùsáìtì wọn.

Ọ̀fẹ́ náà ni On-Site Consultation, ìmọ̀ràn ààbò tí wọ́n ń wá fún yín níbi iṣẹ́, ó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ fún iléeṣẹ́ kékeré. Wọ́n yàtọ̀ sí àwọn tó ń wá fìyà jẹni, wọn kì í kọ ìtanràn. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa gbà ni pé ewu ńlá tí wọ́n bá rí, ẹ máa tún un ṣe ní ọjọ́ tí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ó dùn mí pé àwọn èèyàn wa kì í pè wọ́n, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ni.

OníBúkà_Houston

Àwọn tó ní ibi ìdáná, ẹ má wo kòrónà nìkan. California ní òfin ooru inú ilé láti ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2024: tí inú ilé bá dé 82°F, omi, ibi ìsinmi tó tutù àti ètò tí a kọ sílẹ̀ di dandan. Tó bá dé 87°F, ẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti dín ooru náà kù. Ilé tí wọ́n ti ń yan súyà tí wọ́n sì ń din dòdò ń kọjá ìyẹn kí agogo 11 tó lù. Ẹ gbé ìwọ̀n ooru kọ́ síbi tí alásè ti ń dúró, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Aláàbò_Ibi_Iṣẹ́

Maryland náà ti ní tirẹ̀, láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Tiwọn ń lo heat index, ìyẹn ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 80°F, níta àti nínú ilé tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ò bá mú un wálẹ̀. Omi áúǹsì 32 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan. Láti 90, ìsinmi ìṣẹ́jú 10 nínú wákàtí méjì. Láti 100, ìṣẹ́jú 15 nínú wákàtí kan.

Ẹ sì fi SB 553 ti California kún un, lórí ìwà ipá níbi iṣẹ́, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024: ètò tí a kọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ máa tọ́jú fún ọdún 5. Ibi tí kò tó èèyàn 10 níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ará ìta ò sì lè wọ̀, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù irun kò bọ́, torí oníbàárà ń wọlé.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PG

Ẹ jọ̀ọ́, ìkẹyìn: àwọn òṣìṣẹ́ wa kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, Yorùbá ni wọ́n gbọ́. Ṣé a lè fi Yorùbá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́?

Nọ́ọ̀sì_Baltimore

Ẹ lè ṣe é, ó sì yẹ kẹ́ ẹ ṣe é. Ìlànà OSHA ni pé èdè àti ọ̀rọ̀ tó yé òṣìṣẹ́ ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Tí ẹ bá fún un ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó buwọ́ lù láìyé e, wọn kì í kà á sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ṣàlàyé ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níwájú yín, bí àpẹẹrẹ kó wọ ìbòmú kó sì bọ́ ọ. Nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ déètì, ohun tí ẹ kọ́ wọn, orúkọ ẹni tó kọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Yorùbá ni ẹ lò. Tí òfin bá yí padà, àwọn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè jọ, torí ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù kò ní yé wọn.